Bí A Ṣe Ń Pín Kálórì Òòjọ́ Sáàárín Oúnjẹ Àárọ̀, Ọ̀sán àti Alẹ́

Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù 1 èròjà afáralókun, irú èyí tí ó kún inú iṣu, ìrẹsì àti gàrí, ní kálórì 4. Gíráàmù 1 èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ní 4 bákan náà. Ṣùgbọ́n gíráàmù 1 ọ̀rá tàbí òróró ní 9. Kí a tó lè pín kálórì òòjọ́ sí ẹnu oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, a ní láti kọ́kọ́ mọ iye tí a fẹ́ pín, nítorí pé iye yìí kò dọ́gba láàárín àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin, tàbí ẹni tí ó ń jókòó sí ọ́fíìsì àti ẹni tí ó ń ru bíríkì.

Ọ̀kan lára àwọn ìlànà tí àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ń lò ni èyí tí Mifflin àti St Jeor gbé jáde ní ọdún 1990. A ó sọ ìwúwo ara ní kílógíráàmù di ìlọ́po 10, a ó sọ gíga ní sẹ̀ǹtímítà di ìlọ́po 6.25 kí a fi kún un, a ó sì sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po 5 kí a yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó fi 5 kún ohun tí ó kù fún ọkùnrin, tàbí kí a yọ 161 kúrò fún obìnrin. Ohun tí ó bá jáde ni agbára tí ara ń ná bí ẹni náà bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. A ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2 fún ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde lórí ìjókòó, tàbí bíi 1.55 fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un rìn dáadáa. Bí obìnrin oníṣòwò kan bá jẹ́ ẹni ogójì ọdún, tí ó wúwo tó kílógíráàmù 65, tí ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 160, ìṣirò àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 1,289. Bí a bá wá ka ìnàró àti ìrìn rẹ̀ lọ́jà mọ́ ọn, yóò tó nǹkan bí 2,000 lójúmọ́. Iye yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n lára páálí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, òun náà ni a ó sì pín níhìn-ín.

Kò sí òfin kan ṣoṣo tí ó de pípín náà. Èyí tí ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí oúnjẹ àárọ̀ gba ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí tọ̀sán gba nǹkan bí 35, kí talẹ́ gba 25 tàbí kí ó lé díẹ̀, kí ìyókù sì jẹ́ ti ìpápánu. Fún oníṣòwò yìí, ó lè jẹ iṣu sísè gíráàmù 250 láàárọ̀, èyí tí ó ní nǹkan bí kálórì 290, pẹ̀lú ẹyin méjì tí a fi ṣíbí ìjẹun òróró kan dín. Ẹyin náà jẹ́ 150, òróró rẹ̀ sì jẹ́ 120, àpapọ̀ rẹ̀ di 560. Lọ́sàn-án, ìrẹsì sísè gíráàmù 300 yóò fún un ní 390, ẹja àti ọbẹ̀ tí òróró rẹ̀ kò ju ṣíbí kan lọ yóò fi nǹkan bí 240 kún un, ọsàn kan yóò sì gbé e dé 690. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní ìrọ̀lẹ́ tó 260. Ohun tí ó kù fún alẹ́ kò ju nǹkan bí 500 lọ: ẹ̀bà tí a fi gàrí gíráàmù 80 tẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò tí ó ní ṣíbí epo kan, àti ẹja díẹ̀.

Gàrí gbígbẹ ni ó yẹ kí a wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀bà. Omi kò ní kálórì kankan, nítorí náà ẹ̀bà rírọ̀ àti ẹ̀bà líle tí a fi ìwọ̀n gàrí kan náà tẹ̀ kò yàtọ̀ síra, bí ọ̀kan tilẹ̀ tóbi ju èkejì lọ nínú abọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èlùbọ́ rí.

Ibi tí ìṣirò ti sábà máa ń bàjẹ́ ni inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tí ó fara balẹ̀ wọn ìrẹsì lórí síkéèlì lè wá da òróró láti inú ìgò láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó sì fi kálórì 300 tàbí 400 kún ọbẹ̀ láìmọ̀. Epo pupa kò yàtọ̀ sí òróró nínú èyí: ṣíbí ìjẹun kan nínú méjèèjì tó 120. Bí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún bá jọ ń jẹ láti inú ìkòkò kan, ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a ka ṣíbí epo tí ó wọ ìkòkò náà, kí a sì pín in sí iye abọ́ tí a bù. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò náà kò yẹ ní fífojú fò, nítorí pé ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà kan tí ó ní ṣúgà lè tó kálórì 200, kò sì ní yó ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí àwọn kan fi ń sọ pé kí àárọ̀ gba èyí tí ó pọ̀ jù ni pé ara máa ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa ní òwúrọ̀ ju ti alẹ́ lọ. Ní ọdún 2013, Daniela Jakubowicz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Israẹli tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n pín àwọn obìnrin tí ó sanra sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 12: kálórì 1,400 ni gbogbo wọn ń jẹ, ṣùgbọ́n àwọn kan ń jẹ 700 láàárọ̀ àti 200 lálẹ́, àwọn yòókù sì yí i padà. Àwọn tí àárọ̀ wọn pọ̀ ni ó fọn jù. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Aberdeen ní Scotland dán irú rẹ̀ wò, wọ́n sì ń pèsè gbogbo oúnjẹ náà fún àwọn tí ó kópa; nínú tiwọn, ìwúwo tí ó dínkù kò yàtọ̀, yálà ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí àárọ̀ tàbí sí alẹ́, àmọ́ ebi kò pa àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ wọn pọ̀. Ó dà bí ẹni pé ebi yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀: nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti wọn oúnjẹ fúnni, ẹni tí ebi ń pa lálẹ́ ni yóò tún ìkòkò ṣí.

Àìrójú kì í jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe fún gbogbo ènìyàn. Òṣìṣẹ́ tí ó jáde nílé ní agogo márùn-ún ìdájí ní Èkó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì jẹ́ kí ó padà títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kò lè fi agbára mú ara rẹ̀ jẹ oúnjẹ ńlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ẹrù náà sí ọ̀sán, kí ó sì mú 200 péré kúrò nínú ti alẹ́ lọ síbẹ̀ ná. Nínú oṣù Rámádàánì, ẹnu oúnjẹ di méjì, sààrì àti ìṣínu. Àpapọ̀ lè wà bí ó ti wà, sààrì sì ni ó yẹ kí ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja wà nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé èròjà amúaradàgbà máa ń jẹ́ kí ènìyàn yó pẹ́. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ tí ó sì ń gba abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ fo oúnjẹ tàbí yí ìpín rẹ̀ padà láìbá dókítà sọ̀rọ̀, torí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì.

Ìṣirò àkọ́kọ́ kò ju ìfojúdíwọ̀n lọ, nítorí náà a ó máa gun òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí a tó jẹun. Bí ẹni tí ó fẹ́ fọn bá rí i pé ìwúwo òun kò yẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó tún ṣíbí epo àti ìpápánu rẹ̀ kà ní àkọ́kọ́. Bí ìwọ̀nyí bá pé, kí ó yọ nǹkan bí 200 kúrò nínú oúnjẹ tí ebi kì í pa á tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́, kí ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà.