Jáàkì Kì í Ṣe Òpó

Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n wọ́ wá sí gárééjì mi ní Kàbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì ìkankan nínú wọn kò sì kọṣẹ́. Táyà ló jò nílé, àwọn tó ni wọ́n ní àwọn á pààrọ̀ rẹ̀ fúnra àwọn. Ọ̀kan fi jáàkì ti ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé kápẹ́ẹ̀tì wú sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Èkejì gbé jáàkì sábẹ́ ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń dúró sí, ibẹ̀ là, ọ́ìlì sì dà tán sí àgbàlá. Ẹ̀kẹta tẹ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹni tó lè wakọ̀ láti Kàbà dé Ìsánlú á mọ̀ pé kí táyà tó kúrò nílẹ̀ ni èèyàn ti ń dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ibi tí ẹ ń gbé jáàkì sí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn táyà iwájú. Ọwọ́ yín á kan etí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti jó irin pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ máa fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Kò ní jìnnà sí táyà tí ìka yín á fi já sínú ojú kékeré kan tí wọ́n gé sára etí náà, lẹ́yìn náà á tún já sínú òmíràn. Àárín ojú méjèèjì yẹn ni ilé jáàkì. Bẹ́ẹ̀ ló rí níwájú táyà ẹ̀yìn. Mẹ́rin ló wà lára ọkọ̀, lára Corolla, lára Camry, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí à ń wà níbí. Tí ẹ bá sún sínú díẹ̀ péré, irin tí kò nípọn ju mílímítà kan lọ ni ẹ kàn, ọkọ̀ tó wúwo ju 1,000 kìlógíráàmù lọ ni ẹ sì fẹ́ fi í gbé.

Ẹ wo orí jáàkì tó bá ọkọ̀ wá, ẹ ó rí i pé ó lójú láàárín. Etí irin yẹn ló ń wọ inú ojú náà. Jáàkì oníọ́ìlì tí ẹ rà lọ́jà, orí tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì ká etí irin náà bí ẹni ká etí ìwé. Gbàrà tí ọ̀dà bá ti bó níbẹ̀, omi á wọlé, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí agégẹdú gé àjákù igi líle fún yín, kó la ojú sí i láàárín, kí ẹ fi sí orí jáàkì yẹn. Tí ọkọ̀ yín bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti rìn lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nílẹ̀ òtútù, ẹ kọ́kọ́ fi ìka tẹ etí náà. Bó bá ń rún bíi gàrí, ẹ má gbé jáàkì síbẹ̀ rárá.

Ilẹ̀ pupa wa yìí, tí òjò bá ti rọ̀ sí i, ẹsẹ̀ jáàkì á máa rì díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi pákó tó fẹ̀ tẹ́ ilẹ̀. Háńbúréèkì lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú. Tí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè, táyà tó kúrò nílẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ dúró mọ́, nítorí náà ẹ fi òkúta wẹ́ẹ̀jì táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn.

Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ kẹta yẹn sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ já bọ́ lórí jáàkì, pé ó dá òun lójú pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní Mọ̀pà ló wà nídìí ẹ̀. Mo tẹ̀ lé e délé. Àgbàlá rẹ̀ dagẹrẹ, kò sí pákó, kò sí òkúta. Kí ló kan bàbá arúgbó nínú jáàkì tó rì sínú ẹrẹ̀? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, tó ń pe ara rẹ̀ ní mẹkáníìkì, ló sì gbà á nímọ̀ràn pé kó fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ dúró.

Búlọ́ọ̀kù! Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń ṣe ní Ọbájànà lẹ́bàá wa yìí dára fún ilé, níbi tí ẹrù ti pín sórí gbogbo ògiri. Lábẹ́ ọkọ̀, ojú kan ṣoṣo ni irin ti ń tẹ búlọ́ọ̀kù, kò sì ní kọ́kọ́ sán kí ẹ rí i. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fọ́. Jáàkì oníọ́ìlì fúnra rẹ̀, rọ́bà kékeré kan nínú rẹ̀ ló di ọ́ìlì mú. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá jẹ, ọkọ̀ ń bọ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ jáàkì ni kó gbé ọkọ̀ sókè. Sítáǹdì onírin ló ń gbé e dúró.

Ọdún kẹta tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé ọkọ̀, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ tú sàlẹ́ńsà. Ọ̀gá wa ń lọ jẹun. Ó wò wá, kò sọ̀rọ̀, ó yí ẹ́kísítírà táyà wá, ó fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí oníbàárà kan ṣí ilẹ̀kùn láti mú fóònù rẹ̀, ó sì pa á dé. Mi ò gbọ́ ju "pàà" lọ. Eruku funfun bo ojú mi. Nígbà tó lọ sílẹ̀, mo rí ọkọ̀ tó jókòó sórí táyà yẹn, mo rí àyà ẹlẹgbẹ́ mi tó ń lọ sókè sódò lábẹ́ rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín àyà rẹ̀ àti irin kò ju ìka mẹ́rin lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló nà síbi tí búlọ́ọ̀kù wà.

Ó ní gárééjì tirẹ̀ báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di sípánà mú, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń bá a fi ọwọ́ kejì di nọ́ọ̀tì.