Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbẹ Aerogel Kábọ̀n Láìjẹ́ Kí Ó Wó

Nanotube kábọ̀n jẹ́ páìpù tíntìnntín tí ògiri rẹ̀ jẹ́ kìkì átọ́ọ̀mù kábọ̀n. Èyí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan kì í sábà fẹ̀ ju nánómítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) kan sí méjì lọ, síbẹ̀ gígùn rẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ìbú rẹ̀. Láti ìgbà tí Sumio Iijima ti ṣàpèjúwe irú páìpù bẹ́ẹ̀ ní Japan ní 1991 ni agbára wọn ti ń wu àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi wà nínú bí a ṣe lè so àìmọye wọn pọ̀ di ohun tí a lè fọwọ́ gbé. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni aerogel, ìyẹn ohun tó fúyẹ́ gan-an, tí ihò tíntìnntín tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn kún inú rẹ̀.

Nínú omi ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé àwọn nanotube máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ìdì-ìdì, wọ́n ń da èròjà tó ń ṣiṣẹ́ ọṣẹ sí omi náà, wọ́n sì ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọ̀n ọ́n títí wọn yóò fi tú ká. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, tí a sì gbé àdàlú náà kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn yóò fara kan ara wọn káàkiri, gbogbo rẹ̀ yóò sì dì bí ẹ̀kọ tútù: omi ṣì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàn mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣan ọṣẹ kúrò.

Gbígbẹ ẹ ló le jù. Bí a bá kàn sá a sí afẹ́fẹ́, ojú omi tó ń lọ sílẹ̀ nínú àwọn ihò rẹ̀ yóò máa fa ògiri ihò mọ́ra, bí ihò bá sì ṣe kéré tó ni ìfà náà ṣe ń lágbára tó, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi súnkì. Samuel Kistler, ará Amẹ́ríkà, ló rí ọgbọ́n dá sí i ní 1931, nígbà tí ó ń fi sílíkà (èròjà inú yanrìn) ṣe aerogel: bí ooru àti ìfúnpá bá kọjá ìwọ̀n kan, kò sí ààlà láàárín ohun olómi àti gáàsì mọ́, nítorí náà kò sí ojú omi tí yóò fa ohunkóhun. Ti omi lásán lé ní 370°C, èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ń fi ọtí ethanol rọ́pò omi, wọ́n sì ń fi kábọ̀n dayọ́sáídì olómi rọ́pò ọtí, torí pé 31°C àti ìfúnpá ìlọ́po 73 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ti tó fún un. Bí wọ́n bá rọra tú gáàsì náà sílẹ̀, àwọn nanotube yóò dúró síbi tí wọ́n wà.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania fi ìwọ̀nba pọ́límà (èròjà bíi ike) fún irú aerogel bẹ́ẹ̀ lókun, ó sì ru ẹrù tó jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwúwo ara rẹ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan ru ẹrù, ọ̀tọ̀ ni kí ó padà sí ipò rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ibi tí nanotube ti pàdé ara wọn ni àìlera wà: bí oríkèé wọ̀nyí bá yẹ̀, wọn kì í padà. Ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ní 2012, wọ́n fi graphene, ìyẹn abala kábọ̀n tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ, bò wọ́n ní ìpele kan sí márùn-ún. Wọ́n tẹ aerogel náà ju mílíọ̀nù kan ìgbà lọ, kò yí padà.

Ní ti àkànpọ̀, ìyẹn ohun tí a fi èròjà méjì papọ̀ ṣe, ẹni tó bá po ìyẹ̀fun nanotube mọ́ rọ́bà yóò rí i pé wọ́n ń ṣù jọ, rọ́bà sì ń wọ àárín wọn, tí iná mànàmáná kò fi rọ́nà kọjá dáadáa. Ti aerogel yàtọ̀. Nanotube ti so kọ́ra kí rọ́bà sílíkónì olómi tó dé. Ihò nìkan ni rọ́bà ń kún, nígbà tó bá sì dì, ohun tó jáde ṣeé fà gùn, iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá.