Òjò Dídì Funfun, Kí Ló Wá Sọ Fọ́tò Rẹ̀ Di Eérú?

Bí òjò dídì bá ti bo àdúgbò, tí ẹnì kan ní òun fẹ́ gbé kámẹ́rà jáde lọ rìn káàkiri, ìmọ̀ràn kan kì í pẹ́ bá a: “Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù níta yẹn o, rí i pé o dín in kù.” Ó gbà, ó jáde, ó ya òrùlé, ó ya igi, ó ya mọ́tò tí òjò dídì ti bò dé gíláàsì. Ìgbà tó délé tó tú fọ́tò wò, gbogbo rẹ̀ ṣú bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ló yà á, òjò dídì tó funfun báláú lójú rẹ̀ sì ti di àwọ̀ eérú. Ó ní kámẹ́rà òun ti ń gbó.

Kámẹ́rà kò gbó. Ìmọ̀ràn yẹn ló ṣì í lọ́nà. Bí kámẹ́rà bá ń ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, bí fóònù àti ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà ti ń ṣe lónìí, ńṣe lèèyàn ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un nínú òjò dídì. Mo mọ̀ pé ó ta ko ohun tí ojú ń rí. Ìdí tí irọ́ yìí fi pẹ́ láyé náà nìyẹn.

Ohun kan wà nínú kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ní ti tirẹ̀, kò mọ igi, kò mọ ilé. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà wá bá a nìkan ló mọ̀. Àwọn tó ṣe é sì ti kọ́ ọ pé, bí a bá po gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò pọ̀, àti dúdú àti funfun, yóò já sí àárín, níbi àwọ̀ eérú kan tó máa ń ta nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Lọ́jọ́ tí kò sí òjò dídì, ìṣirò yìí kì í jìnnà sóòótọ́. Koríko, ògiri, ọ̀dà títì, aṣọ ọrùn ènìyàn, bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, wọn kì í ré kọjá ibẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ń ta ìdá 80 sí 90 padà. Kámẹ́rà rí i, ó rò pé ẹnì kan ló tan iná ńlá sí ohun tí òun fẹ́ yà, ló bá ń fà á wálẹ̀ títí tó fi bọ́ sí àárín tó mọ̀. Ó dà bíi télọ̀ tó ní ìwọ̀n kan ṣoṣo: ẹni yòówù kó wọlé, aṣọ kan náà ló máa rán fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kámẹ́rà ti dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹni tó bá tún dín in kù ti dín in lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ìmọ̀ràn yìí kò ṣàdédé hù o, ó ní orísun. Láyé fíìmù, nígbà tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò ní ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ rárá, ìwé kékeré tó bá fíìmù wá nínú páálí ló máa ń sọ bí èèyàn ṣe máa ṣí ojú lẹ́ńsì tó. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, f/16 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú lẹ́ńsì ń kéré sí i). Bí oòrùn bá ràn sórí òjò dídì tàbí iyanrìn funfun, f/22, ìyẹn ni pé kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé dín kù sí ìdajì. Ìmọ̀ràn gidi ni fún ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò gbogbo nǹkan, torí agbára oòrùn ni wọ́n fi ṣírò f/16 yẹn, wọn ò wo ohun tí ń ta ìmọ́lẹ̀ padà. Nígbà tó yá, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí bírí, ìmọ̀ràn sì dúró síbi tó wà. Ọ̀gá fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́.

Báwo wá la ṣe ń fi kún un? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ + àti − sí lára kámẹ́rà yín. Bí ẹ bá gbé e sí +1, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì; bí ó bá jẹ́ +2, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ fi ìṣirò wo ìdá 18 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan: ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 36, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni 72, ó sì ti ń sún mọ́ funfun òjò dídì nìyẹn. Àwọn àgbà iṣẹ́ ti mọ èyí tipẹ́. Nínú ètò ìpele ìmọ́lẹ̀ tí Ansel Adams àti Fred Archer, àwọn ayàwòrán ará Amẹ́ríkà méjì, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940, ipele 5 ni eérú àárín yẹn wà, òjò dídì sì wà lókè rẹ̀, ní ipele 7 tàbí 8.

Kò sí nọ́ńbà kan tẹ́ ẹ máa há sórí tí yóò bá gbogbo fọ́tò mu. Bí òjò dídì bá gba gbogbo àwòrán, tí oòrùn sì ràn, +2 kì í pọ̀ jù. Bó bá gba ìdajì, +1 tó. Bó bá jẹ́ ògiri dúdú ló gba ọ̀pọ̀ àyè, tí òjò dídì kàn tẹ́ sórí fèrèsé, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má sì wá ki àṣejù bọ̀ ọ́. Àtẹ kan wà tí kámẹ́rà máa ń yà bí òkè kékeré láti fi ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò hàn. Ẹ jẹ́ kí òkè yẹn sún mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n kó má fara gbá etí àtẹ náà. Tó bá ti fara gbá a, funfun ti jóná nìyẹn, kò sì sí ohun èlò kọ̀ǹpútà tó lè dá ohun tí kámẹ́rà ò gbà sílẹ̀ padà. Ní ti fóònù, ẹ tẹ ojú rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ fẹ́ kó wò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ fi ìka tì í sókè díẹ̀.

Ibi tó ti ń dunni jù ni ti àwa tí awọ ara wa dúdú. Èèyàn dúró síwájú òjò dídì, wọ́n yà á, fọ́tò jáde: aṣọ hàn, fìlà hàn, ojú, imú àti ẹnu pa pọ̀ di òjìji kan ṣoṣo. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa fúnra wọn pé aláwọ̀ dúdú kì í hàn nínú òjò dídì. Irọ́ gbuu ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kámẹ́rà fa òjò dídì wálẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò sì bá a wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tó funfun ṣì ríbi balẹ̀ sí. Ojú tó dúdú láti ilẹ̀ wá kò ríbi kankan, inú òkùnkùn ló já sí. Ayàwòrán ló yẹ kó ṣe àtúnṣe, ẹni tí wọ́n ń yà kò ṣẹ̀.

Ẹ sún mọ́ ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gba àyè nínú àwòrán, ẹ tẹ ojú náà lórí fóònù, tàbí kẹ́ ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí awọ ara rẹ̀ á fi jọ awọ ara rẹ̀. Bí òjò dídì tó wà lẹ́yìn bá funfun ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kò sóhun tó burú. Ojú èèyàn la fẹ́ rí. Òjò dídì fúnra rẹ̀ á sì tún gbè yín lẹ́yìn, torí láti ilẹ̀ ló ti ń ta ìmọ́lẹ̀ sókè sábẹ́ àgbọ̀n, sínú ihò ojú, sábẹ́ etí fìlà, àwọn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kì í dé dáadáa. Àwọn ayàwòrán ń fowó ra pátákó funfun nítorí irú iṣẹ́ yìí. Lójú tèmi, ọjọ́ tí òjò dídì wà nílẹ̀, tí àwọsánmà sì bo oòrùn díẹ̀, kò sọ́jọ́ tó dáa jù ú lọ láti ya aláwọ̀ dúdú níta.

Ẹ tún tẹjú mọ́ ipa ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Etí rẹ̀ tí oòrùn kàn funfun. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí oòrùn ò dé ń ṣe bíi búlúù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kámẹ́rà ló kun búlúù yẹn sí i. Ó wà níbẹ̀ o. Inú òjìji kò rí oòrùn, ojú ọ̀run tó jẹ́ búlúù nìkan ló ń tànmọ́lẹ̀ sí i. Ojú tiwa ló máa ń yára mójú kúrò lára rẹ̀. Bí gbogbo fọ́tò bá di búlúù, ẹ yí ètò àwọ̀ kámẹ́rà sí àmì àwọsánmà tàbí ti òjìji. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti inú ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Òjò dídì tó ń bọ́ lọ́wọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ojú ọ̀run tó funfun bá wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ló máa ń rí; bí igi tàbí ẹnu ọ̀nà dúdú bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó funfun. Torí náà, ẹ kọjú sí ohun tó dúdú. Ẹ pa fíláàṣì, àyàfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí èyí tó bọ́ sítòsí lẹ́ńsì di róbótó funfun káàkiri fọ́tò. Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Jericho, ní ìpínlẹ̀ Vermont, Amẹ́ríkà, mọ̀ nípa funfun lórí funfun dáadáa. January 15, 1885, ló kọ́kọ́ ya ẹyọ òjò dídì kan ṣoṣo nípa síso kámẹ́rà mọ́ maikirosíkópù, ó sì ya èyí tó lé ní 5,000 kó tó kú lọ́dún 1931. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè yọ, ó máa ń fi ọ̀bẹ ha ohun tó yí i ká kúrò lára ẹ̀dà gíláàsì àwòrán náà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dúdú nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Inú yàrá tí kò níná ni Bentley ti ń ṣe gbogbo èyí, torí bí iná bá dé ibẹ̀, ohun tó fẹ́ yà á yọ́. Òtútù kò pa kámẹ́rà rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń sọ pé òtútù máa ń ba kámẹ́rà jẹ́, wọ́n á máa kì í bọ inú ẹ̀wù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú kó lè móoru. Bátìrì ni òtútù ń mú lọ́lẹ̀, ó sì lè kú nígbà tẹ́ ẹ rò pé ó ṣì kù. Tó bá móoru padà, ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ á padà. Ẹ kó èkejì sí àpò inú. Fóònù tàbí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ti tutù kọjá 0°C, ẹ má fi ṣájì títí á fi móoru, torí gbígba iná nínú irú òtútù yẹn máa ń bà á jẹ́ nínú.

Ewu tó kù, inú ilé ló wà. Afẹ́fẹ́ inú ilé móoru, ó sì ní omi nínú. Tó bá fara kan irin àti gíláàsì tó ti tutù, omi á sẹ̀ sí i lára, àti sínú lẹ́ńsì pẹ̀lú. Kíkì í bọ inú ẹ̀wù tí ara ti ń làágùn náà ń fa irú rẹ̀. Níta gan-an ni kẹ́ ẹ ti kó kámẹ́rà sínú ọ̀rá tó ṣeé dí pa, kẹ́ ẹ dí i, kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi á máa sẹ̀ sára ọ̀rá, kámẹ́rà á gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ yọ káàdì tí fọ́tò wà lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dí ọ̀rá náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní lè fara da wákàtí méjì náà kẹ́ ẹ tó tú u wò.