Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ omi rẹ̀ lè pa á

Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, ìbáà jẹ́ nínú adágún oníbúlọ́ọ̀kù tàbí táńkì ràbà, á ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé: "Àrọ̀ ò níṣòro, inú ẹrẹ̀ gan-an ó ń mí." Òótọ́ ni, ó ń mí. Ohun tí wọ́n wá fi òótọ́ yẹn gbè lẹ́sẹ̀, pé kò sí omi tó burú fún un, ìyẹn ló ń pa ẹja.

Bí wọ́n ṣe ń mọ adágún àti bí wọ́n ṣe ń ra ọmọ ẹja kò le. Inú orí àrọ̀ ni iṣẹ́ àrà wà. Bí wọ́n bá la orí rẹ̀ fún ọbẹ̀, lókè ẹran pupa tó tò lẹ́sẹẹsẹ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ihò kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, ẹran pupa mìíràn tó yọ ẹ̀ka rẹpẹtẹ sì wà nínú wọn. Àrọ̀ á gòkè, á gbé afẹ́fẹ́ mì lójú omi, ẹ̀ka wọ̀nyẹn á sì fa ọ́síjìn rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń yè nínú omi tí ẹ̀pìyà á kú sí mọ́jú.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtiwọlé nìyẹn. Amóníà, ìdọ̀tí tó ń ti ara purotéènì inú oúnjẹ wá, kì í gba òkè jáde. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbà bọ́ sínú omi. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí gọ́tà rẹ̀ sì dí pa, ni àrọ̀ ń gbé. Atẹ́gùn ń wọlé, onílé ń mí, omi ìdọ̀tí sì ń ga sí i nílẹ̀. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á ní ara onílé le, nítorí orí rẹ̀ nìkan ló rí.

Oúnjẹ ẹja tó ń léfòó sábà máa ń ní purotéènì tó 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹja bá jẹ kílò 1 nínú rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 30 ló ń di amóníà. Nínú táńkì 1,000 lítà, ìyẹn jẹ́ miligíráàmù 30 nínú lítà kọ̀ọ̀kan.

Amóníà náà pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan kì í wọ ara ẹja bọ̀rọ̀, èkejì ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, pH omi, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí omi ṣe kan tó (bó ṣe ń ga ni kíkan ń dín kù), ló sì ń pinnu èyí tó máa pọ̀. Nínú omi tó gbóná tó 28°C, bí pH bá jẹ́ 7, oríṣi búburú kò pé 1 nínú 100. Bí ó bá di 8, ó di bíi 6 tàbí 7. Bí ó bá di 9, ó tó 40. Amóníà ò pọ̀ sí i o, omi ló yí i padà.

Oòrùn sì lè gbé pH sókè. Omi tó ti di àwọ̀ ewé kún fún ewé tíntìntín tó ń fa kábọ́ọ̀nù dàyọ́ọ́sáìdì, èyí tó ń mú kí omi kan. Bí oòrùn ti ń mú, ìyẹn ń dín kù, pH ń gòkè. Lóru, á tún wálẹ̀. Ẹni tó wọn omi rẹ̀ láago méje àárọ̀, tó ní ó dára, kò tíì mọ omi tí ẹja rẹ̀ ń bá yí láago mẹ́ta ọ̀sán. Sìmẹ́ǹtì adágún tuntun náà ń gbé pH sókè. Ìyẹn ni àwọn tó mọṣẹ́ ṣe máa ń pọn omi sínú rẹ̀, tí wọ́n á dà á nù, tí wọ́n á tún pọn òmíràn, kí ẹja tó wọ̀ ọ́.

Ohun tó ń kó ẹja yọ ni ohun yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bakitéríà ló ń gbé inú rẹ̀: àwọn kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ẹja lè fara dà. Ó ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ó dunni pé ohun yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fi ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ gbo dànù, tí wọ́n ń pè é ní ìmọ́tótó.

Trout, ẹja omi tútù tí wọ́n ń sìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ẹran ẹlẹ́ka tí àrọ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń sin trout kì í gbójú kúrò lára omi, torí ẹja rẹ̀ kò ní fún un láyè. Ẹ̀bùn tí àrọ̀ ní yìí dára púpọ̀ fún àrọ̀, àmọ́ ó gba ìkìlọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín.

Oúnjẹ ni àrọ̀ tí amóníà ń yọ lẹ́nu sábà máa ń kọ́kọ́ kọ̀. Bí èyí tí wọ́n dà sómi bá ń léfòó láìsí ẹja tó yára gòkè wá, kí wọ́n dá oúnjẹ dúró, kí wọ́n fa bíi ìdá kan nínú mẹ́ta omi láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ wà, kí wọ́n sì fi omi tí atẹ́gùn ti fẹ́ sí rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ògiri.