Bí a ṣe ń ṣírò ọ̀nà àti àkókò ìrìn bàálù láàárín pápákọ̀ òfurufú àdádó méjì

Erékùṣù Saint Helena àti Ascension wà nínú òkun Àtìláńtíìkì lápá gúúsù, omi nìkan ló sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí pápákọ̀ òfurufú wọn ṣe jìnnà síra tó kò ní títì kankan tí yóò wọ̀n; ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà ìbú àti ìlà òòró ayé ni yóò fi ṣírò. Saint Helena fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní díígírì 16 sí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, Ascension sì wà ní nǹkan bíi 8. Díígírì kan láti àríwá sí gúúsù jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111 níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn a máa dín kù bí a bá ṣe ń súnmọ́ ìkángun ayé ní àríwá tàbí ní gúúsù. Ní díígírì 60, ìdajì 111 péré ló máa ń kù. Nítorí pé ayé rí roboto, ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ibi méjì tó jìnnà síra gan-an sábà máa ń tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ lórí máàpù pẹlẹbẹ. Ní ti erékùṣù méjì yìí, ìtẹ̀ náà kò tó nǹkan: nǹkan bíi kìlómítà 1,300 ni ìṣirò ń gbé jáde.

Tí bàálù bá ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan, yóò lo nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 37. A sì máa ń fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀, nítorí bàálù kì í lè sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà méjèèjì.

Àkókò ojú ìwé nìyẹn, bí ẹni pé atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Ìwọ̀n eré tí bàálù ń sá nínú afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí bó ṣe ń kọjá lórí ilẹ̀: atẹ́gùn ẹ̀yìn a máa tì í síwájú, ti iwájú a sì máa dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí àlọ àti àbọ̀ lórí ọ̀nà kan náà kì í fi í gba iye àkókò kan náà. Ẹni tó bá ń wo aago nìkan tún lè ṣì í kà, nítorí aago Johannesburg, ìlú ní orílẹ̀-èdè South Africa tí bàálù ti máa ń wá sí Saint Helena, fi wákàtí méjì ṣíwájú ti erékùṣù náà.

Ọ̀rọ̀ epo ló le jù níbi àdádó, ìṣirò kìlómítà kì í sì í fi í hàn. Bàálù tí kò bá rí Saint Helena balẹ̀ sí nítorí atẹ́gùn tàbí kùrukùru kò ní ìlú mìíràn nítòsí tó lè yà sí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gbé epo tí yóò fi padà sórí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà tí ìrìnnà láàárín Johannesburg àti Saint Helena ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni bàálù tó ń lọ sí erékùṣù náà ti máa ń dúró ní Nàmíbíà kó tó wọ orí òkun, àkókò ìdúró yẹn kò sì sí nínú nǹkan bíi kìlómítà 3,700 tí ìṣirò fi sáàárín àwọn méjèèjì.