Iná ló lọ òkúta ní Collon

Anthony Foster ti ṣe aṣòfin ní Dublin kó tó di adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ Exchequer ti Ireland ní 1766. Ẹ jẹ́ ká fi ipò sílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: 5,000 éékà lórí òkè Collon, ní Louth, igbó ṣákálá tí ìṣákọ́lẹ̀ éékà kan kò ju ṣílè 3 sí 4 lọ.

Láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n fi iná sun di lẹ́búlẹ́bú, ni Foster fi tún un ṣe. Wọ́n máa ń ní òun ni ajílẹ̀ tó fi bọ́ ilẹ̀ náà. Rárá o! Láìmù kì í ṣe oúnjẹ. Ilẹ̀ tí òjò ń fọ̀ ṣáá máa ń kan; oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ọkà ò rí i fà. Inú ló ń ta ilẹ̀, láìmù sì ni oògùn tó ń mú kí aláìsàn lè jẹun. Bí ara bá wá yá tán, á jẹ ìkòkò gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tún se oúnjẹ, ebi dé nìyẹn. Àgbẹ̀ tó ń da láìmù láìda ìgbẹ́ ẹran sí i, ibẹ̀ ló ti ń kó sí gbèsè.

Iná gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè lọ òkúta ẹfun kúnná fún oko nígbà yẹn. Foster ní ìléru 27. Máìlì mẹ́rin ni wọ́n ti ń ru òkúta wá. Èédú kúnná sì ń gba orí òkun bọ̀ láti Milford Haven ní Wales. Wọ́n á to òkúta lé èédú, èédú lé òkúta, wọ́n á tanná sí i nísàlẹ̀. Bí ooru bá tó bíi 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á fi òkúta sílẹ̀. 100 kílò á ku bíi 56. Lójú, òkúta ṣì ni. Ẹ wá bu omi sí i: á hó, á wú, á fọ́ yángá di lẹ́búlẹ́bú fúnra rẹ̀. Nínú ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń gba carbon dioxide rẹ̀ padà, tí á tún di òkúta ẹfun bíi tàtijọ́, àfi pé ó ti kúnná bí ìyẹ̀fun. Torí kíkúnná yẹn nìkan ni gbogbo èéfín wọ̀nyẹn!

Àwọn àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un kò gbà á gbọ́, ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú bíi 2,000 sí 3,000 éékà bẹ̀rẹ̀, kò sì lé wọn lọ; ó fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Arthur Young, òǹkọ̀wé iṣẹ́ àgbẹ̀ ará England tó débẹ̀ ní 1776, ní irú atúnlẹ̀ṣe bẹ́ẹ̀ níyì ju ọ̀gágun lọ. Ó tún kọ ọ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ ti di ṣílè 20 lórí éékà. Ìfura àwọn àgbẹ̀ yẹn ò kúkú burú: àpò Foster náà ni ṣílè 20 ọ̀hún ń wọ̀.