Bí Afárá Ṣe Di Mẹ́ta Tí Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Ò Kúrò L'Ékòó

Bí ará Ìkẹjà bá ń lọ sí Màrínà tàbí Ìdúmọ̀tà, á ní òun ń lọ "s'Ékòó", bí ẹni pé ibi tí òun alára ń gbé kì í ṣe Èkó. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni ìtàn afárá Third Mainland ti bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù ni Èkó gangan, orí ilẹ̀ tóóró yẹn ni wọ́n sì kó ìjọba, báńkì àti ọjà lé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ níbẹ̀ á sọdá ọ̀sà.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń sọdá. Lọ́dún 1901 ni wọ́n parí afárá Carter, tí wọ́n fi sọrí Gilbert Carter, òyìnbó tó ti ṣe gómìnà Èkó. Ọdún yẹn náà ni ojú irin láti Ìddó dé Ìbàdàn. Èrò àti ẹrù tí rélùwéè já sílẹ̀ ní Ìddó, orí Carter ni wọ́n ń gbà wọ Èkó. Afárá kan ṣoṣo yẹn ló dá gbé e títí a fi gba òmìnira. Lọ́dún 1965, àwọn Julius Berger wá láti Jámánì láti bẹ̀rẹ̀ Eko Bridge, láti Ìjọra sí Apọ́ngbọ̀n. Ìyẹn ni ìkejì. Ẹni tó bá ń wá "Second Mainland" kiri, orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Owó epo rọ̀bì ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì ra mọ́tò. Nígbà tí gosíló di àìsàn, ìjọba ológun àkókò yẹn ṣòfin pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ oníméjì-méjì kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́ kù. Kí làwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Òfin tó fẹ́ dín mọ́tò kù ló tún bí òmíràn.

Apá kan náà ni Carter àti Eko Bridge ti ń wọ Èkó, nítorí náà wọ́n gbé ìkẹta gba ojú ọ̀sà, kó yẹ ìgboro sílẹ̀. Shagari ṣí apá àkọ́kọ́ lọ́dún 1980, Babangida sì parí rẹ̀ lọ́dún 1990. Ó gùn tó kìlómítà 11.8, láti Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí dé Adéníjì Adélé. Kò sí afárá tó gùn tó o ní Áfíríkà títí di 1996, tí wọ́n parí ti ìlú Káírò.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kẹ́rù lọ sí Àbújá. Afárá ò tíì pé ọdún méjì! Ṣùgbọ́n báńkì ò bá wọn lọ, ọjà ò bá wọn lọ. Lójú tèmi, afárá náà tún wá fún èèyàn láyè láti máa gbé ibi tó jìnnà. Lónìí, ẹni tó jí ní Mowe tàbí Ìbàfò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, orí rẹ̀ ló ń bá lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́dún 2020, apá kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí sílẹ̀: àárọ̀ fún àwọn tó ń lọ, ọ̀sán sí alẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀. Bí omi òkun ṣe ń kún tó sì ń fà ni èrò ibẹ̀ ṣe ń rìn.

Ẹ wọ dánfó ní Ọ̀wọ́rọ̀ láago márùn-ún ìdájí kí ẹ rí i. Kọ̀ńdọ́ ń ké "Ọbalẹ́ńdé, CMS!", ìdajì èrò ti sùn, ẹnì kan ń fi iná fóònù kun àtíkè. Táyà ń dún gbì-gbì lórí oríkèé afárá. Ó dún títí, ó dákẹ́. Ọkọ̀ kan ti kú níwájú. Ọ̀tún, omi; òsì, omi. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè yà sí àfi Adékúnlé, tó já sí Yábàá. Níbi tí iná Màkòkó ti ń ṣẹ́jú lórí omi, ẹnì kan á jí gìrì lẹ́yìn ọkọ̀: "Adékúnlé wà o!"

Gbogbo ojú ló máa ń yí sí i, tìlara-tìlara.